Píjò Àlájì Àkànó àti Ìdí Igi Mẹ́ta

Ní Sabon Zongo, nílùú Accra, bí ènìyàn bá béèrè ilé Mùnírù tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, wọn yóò ní kó máa lọ títí yóò fi rí ilé tí ata ti ń so nínú ọkọ̀.

Wọn kò purọ́. Lábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà náà, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú férémù àti táyà mẹ́rin. Kò ní orí, kò ní ẹ́ńjìnnì. Àmínátù, ìyàwó Mùnírù, ti da iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì gbin ata rodo àti tòmátò sí i. Àwọn ará àdúgbò gbà pé ata tó bá hù lórí táyà máa ń ta lẹ́nu ju ti ilẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ náà jẹ́ ti bàbá Mùnírù. Píjò 404 ni, Èkó ni Àlájì Àkànó ti rà á ní ọdún 1975, ó sì wà á gba Kútọnu àti Lomé wọ Accra, ìyáálé rẹ̀ Zuweira jókòó síwájú, abọ́ tánganran kún ẹ̀yìn. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ni ìjọba ti ní kí àwọn àjèjì kó ẹrù wọn kúrò ní Ghana. Àlájì a máa sọ pé ẹsẹ̀ lòun fi lọ, táyà lòun fi padà. Ọkọ̀ yìí ló fi ń ná ọjà káàkiri fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, òun náà ló sì fi gbé ìyàwó méjì mìíràn wálé.

Nígbà tó kú, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìdí igi mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Ìkínní ni ilé ìyáálé, tí Àrówólò àkọ́bí jẹ́ olórí fún. Èkejì ni ilé ìyàwó kejì tó ti ṣaláìsí, tí kò bí ju Hafeezah lọ. Ẹ̀kẹta ni ilé ìyá Mùnírù, tí òun náà ti lọ bá àwọn àgbà. Yàrá pín, ṣọ́ọ̀bù pín, agbádá pín. Ó wá ku Píjò. Wọ́n ní kí wọ́n tà á, kò sẹ́ni tó gbà. Wọ́n ní kí ẹnì kan máa lò ó, àwọn méjì yòókù béèrè bóyá àwọn ti kú ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fà á. Bàbá Olúkúnlé, àbúrò olóògbé tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá pín ogún, ti sanwó bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e padà. Ó wo aago rẹ̀, ó ní:

"Ìdí igi mẹ́ta ni, àbí? Ẹ pín in sí mẹ́ta."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Yusif, mẹkáníìkì láti Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, pé kó wá tú u. Yusif gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ei, ẹ̀yin Yorùbá, ẹ̀yin Anago! Ogún ọdún ni mo ti ń tú ọkọ̀. Olè nìkan ló ń ní kí n tú u báyìí."

Ó tú u. Ilé ìyáálé gba ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Ilé kejì gba orí ọkọ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn méjèèjì àti sítíárìnnì. Ilé kẹta, nítorí pé òun ló kéré jù, gba férémù, táyà àti ẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ kò ṣeé gé sí mẹ́ta, nítorí náà wọ́n fi í síkàáwọ́ Ìyá Àgbà Zuweira, ó sì so ó mọ́ ọrùn.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó rántí lọ́jọ́ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, níbi ìsìnkú, Ìyá Àgbà ti búra níwájú àwọn àlùfáà pé ẹsẹ̀ òun kò tún ní wọ ọkọ̀ kankan láyé mọ́, àfi Píjò tí ọkọ òun fi gbé òun wọ Accra. Ìbúra náà wú gbogbo ènìyàn lórí, àwọn mìíràn tilẹ̀ sunkún. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn tó sunkún ló ran Yusif lọ́wọ́ láti gbé ẹ́ńjìnnì.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá di ẹni tí kì í kọjá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lè gbé e dé. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ibẹ̀ yẹn náà sún mọ́lé. Ojú ọ̀tún rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ojú òsì tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ bo fèrèsé. Mùnírù, tí Ìyá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ka ọ̀rọ̀ náà sí bàbàrà, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó gbọ́ tí ìyá ń kí ewúrẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀, tó sì ń bínú pé kò dáhùn.

Abena, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òpópónà kejì, wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú náà. Ó ní àwọ̀ funfun tó bò ó ṣeé yọ. Dókítà kan ń bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn ojú tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Dansoman, ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di àmọ́dún.

"Ojú yìí kò ní dúró de àmọ́dún," ni Abena wí.

Mùnírù kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà. Kì í ṣe òun ló bí i, ṣùgbọ́n òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi takisí gbé yín lọ."

"Ṣé takisí ló gbé mi wá?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ọmọlańkẹ́ tì yín nígbà náà."

"Ṣé iṣu ni mí?"

"Ìyá, ojú yín mà ni!"

"Dókítà lè gé àwọ̀ ojú, Mùnírù. Kò lè gé ìbúra."

Ó wá ku ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí wọ́n to Píjò padà, kó sì rìn, láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mùnírù jáde sí ọgbà, ó wo ebè ata. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń jẹ́.

Ashaiman ló kọ́kọ́ lọ. Àrówólò, tó ń ta kẹ́tùlù àti báfù nínú ọjà níbẹ̀, gbé ẹ́ńjìnnì náà sáàárín pálọ̀ rẹ̀ lórí àpótí irin. Ó fi aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú hun bò ó, ó sì gbé tẹlifísàn lé e. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti ìrun dé, yóò gbé tẹlifísàn kúrò, yóò fi epo nu ogún bàbá rẹ̀, yóò fi ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì tún gbé tẹlifísàn padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú Ìyá ni," ni Mùnírù wí.

"Mo gbọ́. Ìyá mi ni kó tó di ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n níbo ni kí n gbé tẹlifísàn sí?"

"Orí tábìlì."

"Tábìlì!" Àrówólò yíjú sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bú u. "Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá mi ti ń bá mi gbé tẹlifísàn mi dání. Ìwọ wá ní kí n lọ gbé e lé pákó."

Odindi ọ̀sán ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, Àrówólò dáwọ́ lé orí ẹ́ńjìnnì, omi lé ròrò sí i lójú. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní nǹkan méjì: ẹ́ńjìnnì náà kò ní yé jẹ́ ti ilé ìyáálé níbikíbi tó bá wà, aṣọ funfun náà kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀.

"N kò lè jẹ́ kó jókòó níhòòhò láàárín ènìyàn," ni ó wí.

Ti Hafeezah yàtọ̀. Ní Circle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta fóònù, orí Píjò dúró lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, Hafeezah sì jókòó nínú rẹ̀ lẹ́yìn sítíárìnnì, ó ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí oníbàárà bá jẹ́ ọmọlúàbí, a yí gíláàsì wálẹ̀. Bó bá sọ̀sọkúsọ, a yí gíláàsì sókè, a sì dijú mọ́rí bí awakọ̀ tó dúró níbi iná pupa.

"Àǹtí, Ìyá Àgbà ló ń fọ́jú lọ," ni Mùnírù wí láti ojú fèrèsé.

"Orí ọkọ̀ lẹ fẹ́?"

"Ẹ jọ̀wọ́."

"Ẹ máa gbé e. Ṣùgbọ́n ibi tí orí ọkọ̀ mi bá lọ ni mò ń lọ. N kò ní sọ̀ kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Kò sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé orí ọkọ̀ náà sórí ọkọ̀ ńlá, Hafeezah wà nínú rẹ̀, ó di sítíárìnnì mú, ó sì ń yí i sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo ìyànà. Láti ọjọ́ kejì ni àwọn oníbàárà Circle ti ń wá fi owó ránṣẹ́ nínú ọgbà Mùnírù. Bí Yusif ti ń fi iná jó irin mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni Hafeezah ń ké lórí rẹ̀ pé, "Yusif, gbé iná yẹn sọ́tùn-ún díẹ̀, oníbàárà ń bọ̀!"

Ẹni tó le jù nínú gbogbo wọn, inú ilé ló wà.

"Ogún tìrẹ ni," ni Àmínátù wí fún ọkọ rẹ̀, ó dúró síwájú ebè rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. "Ata tèmi ni."

"Àmínátù, níbo ni kí Ìyá jókòó sí?"

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ fẹ̀. Ìyá kò sanra."

Wọ́n parí rẹ̀ sí pé kí ó kó tòmátò, kí ó fi ìlà ata kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì.

Mùnírù kì í sùn tán. Ó ń fi bébà oníyanrìn ha ìpẹtà, ó ń ran awọ ìjókòó lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tí oníbàárà kan kò tíì wá gbà, ó ń lọ sí Abossey Okai, ó ń bọ̀, ó ń wá rọ́bà bíréèkì tó bá ti ọdún 1975 mu. Ó fẹ́ kí wọ́n kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ eérú bó ṣe rí láyé bàbá àwọn. Hafeezah ní àwọ̀ ìyeyè ni àwọn oníbàárà òun fi ń mọ òun. Orí wá jẹ́ ìyeyè, ìdí jẹ́ eérú. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ kò fún Yusif ní wàhálà. Ó ní nínú gbogbo Abossey Okai, òun kò tíì rí ẹ́ńjìnnì àlòkù tó sàn tó èyí tó ń wo tẹlifísàn ní pálọ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì sí Ọjọ́bọ̀ kí ìjà tó dé. Ta ni yóò wà á?

Hafeezah nìkan ló ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, sítíárìnnì sì jẹ́ ti ilé rẹ̀. Àrówólò ní kí ó máa yí sítíárìnnì rẹ̀, kó má ṣáà fọwọ́ kan ohun tó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, ìyẹn iná tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, àti ọ̀pá jíà. Hafeezah ní ọrùn sítíárìnnì ni ọ̀pá jíà Píjò wà, ohun tó bá sì wà lọ́rùn ẹni, ti ẹni ni. Wọ́n pe Bàbá Olúkúnlé lórí fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin náà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹjọ́ náà dópin.

"Ọ̀pá yẹn," ni ó wí níkẹyìn, "ta ló ń ránṣẹ́ sí?"

"Gíábọ́ọ̀sì ni, Bàbá," ni Yusif dáhùn.

"Ti Àrówólò ni. Ẹni tí a ránṣẹ́ sí ló ni ìránṣẹ́."

"Bíréèkì ńkọ́, Bàbá?" ni Mùnírù béèrè.

"Kí ló ń dá dúró?"

"Táyà ni."

"Ìwọ lo ni í."

Bí ìdájọ́ ṣe rí nìyẹn. Hafeezah yóò máa yí sítíárìnnì, yóò sì máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì bí Àrówólò bá ti fẹ́ yí jíà. Àrówólò yóò jókòó sáàárín, yóò máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ iná, yóò sì máa fi ọwọ́ yí jíà. Ẹsẹ̀ Hafeezah ló wà lórí bíréèkì, nítorí kò sí bí ẹsẹ̀ Mùnírù ṣe lè débẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ àfi bí Mùnírù bá ní, "Dúró!" Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi kọ́ ọ nínú ọgbà, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń tì wọ́n síwájú, tí wọ́n ń fà wọ́n padà sẹ́yìn, nítorí Ìyá ní kọ́kọ́rọ́ kò ní kúrò lọ́rùn òun títí di Ọjọ́bọ̀. Àwọn adìyẹ sá lọ sílé aládùúgbò.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n so àga onítìmùtìmù mọ́ ẹ̀yìn Píjò, wọ́n gbé Ìyá Àgbà jókòó sí i, Àmínátù dúró tì í pẹ̀lú agboòrùn. Ìyá fọwọ́ pa ara ọkọ̀, ó fọwọ́ kan ewé ata.

"Kí nìyí?"

"Ata ni, Ìyá."

"Àkànó a máa gbé abọ́ ni," ni ìyá wí, ó sì tú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó nà án síwájú pẹ̀lú ọlá.

Kọ́kọ́rọ́ náà wọlé díẹ̀, ó kọ̀, kò yí. Hafeezah gbìyànjú, Àrówólò gbìyànjú. Mùnírù wo aago. Yusif ní ìpẹtà ti di ihò náà. Ó sùn sábẹ́ sítíárìnnì, ó so wáyà méjì pọ̀, Píjò sì wúkọ́, ó tutọ́ èéfín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gbogbo ilé hó. Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà sọ́rùn Ìyá.

Wọ́n jáde. "Jíà kejì!" ni Àrówólò ń pè fún ara rẹ̀. "Dúró!" ni Mùnírù ń ké sí gbogbo ohun tó bá mira. Wọ́n dé Mataheko láìpa ẹnikẹ́ni lára, ibẹ̀ ni èéfín ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti iwájú ọkọ̀. Ọlọ́pàá kan nawọ́ sí wọn.

"Ta ni awakọ̀ níbí?" ni ó béèrè.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn.

"Èmi ni mo di sítíárìnnì mú," ni Hafeezah wí, "ṣùgbọ́n iná kì í ṣe tiwa."

"Iná tèmi ni," ni Àrówólò wí, "ṣùgbọ́n n kò lágbára lórí ọ̀nà."

"Èmi ni mo ní kí a dúró," ni Mùnírù wí.

Ọlọ́pàá yọ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. Nígbà náà ni Yusif, tó ń fi alùpùpù tẹ̀ lé wọn, ṣí iwájú ọkọ̀, ó sì yọ aṣọ funfun kan tó ti jó dé ìdajì. Àrówólò gba aṣọ náà, ó ká a, ó fi sápò bí ẹni ń gbé òkú ọmọ. Ọlọ́pàá yípo dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí ìyá arúgbó lórí àga láàárín ata, agboòrùn lókè orí rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí sí ibi tó rò pé ó wà, "má dá wọn dúró. Bí wọ́n bá dúró pẹ́, wọn ò mọ bí a ṣe ń gbéra."

Ọlọ́pàá dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró fún wọn, títí wọ́n fi kọjá.

Wọ́n dé ilé ìwòsàn nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí àkókò pé. Dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá àti Àmínátù sun ibẹ̀ mọ́jú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sùn sínú ọkọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gbà kí ẹnì kejì nìkan dá ṣọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Abena tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú náà. Ìyá Àgbà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo Abena, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó wo Mùnírù títí.

"O ti hu ewú," ni ó wí.

Ìyá bojú wo àyà ara rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì pariwo.

"Kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ mi nìyí! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wá a!"

"Ti ọkọ̀ wá ńkọ́, Ìyá?"

Ó ronú. "Á jẹ́ pé inú àpótí ni mo tì í mọ́."

Wọ́n mú un jáde sí ọgbà ilé ìwòsàn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti tò ó padà, Ìyá rí Píjò náà: orí ìyeyè, ìdí eérú, ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ó yí i po. Ó fi ìka kan awọ ìjókòó tí Mùnírù rán, ó wo bí ojú òwú ṣe tọ́, ó sì mi orí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Àmínátù.

"Bá mi pe takisí."

"Ìyá!" Àrówólò ló ké. "Ìbúra ńkọ́?"

"Mo ní n kò ní wọ ọkọ̀ àfi Píjò. Àná, mo wọ Píjò. Ó tán. Ohun tí ọkọ̀ yín fi ara mi ṣe, bí ẹni ń ku èlùbọ́ ni. Bàbá yín gan-an, bó bá ti dé láti ọ̀nà jíjìn, ọjọ́ méjì ni ó máa ń fi dùbúlẹ̀."

Takisí gbé òun àti Àmínátù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó sí iwájú Píjò wọn, ìdí kan ìdí, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àfi nípa jíà. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ Mataheko, Mùnírù rí i pé Ìyá Àgbà ti yí padà nínú takisí, ó ti gbé ojú lé gíláàsì ẹ̀yìn, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó dé ìparí, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mùnírù tẹjú mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí i pé takisí náà ti dúró. Hafeezah tẹ bíréèkì láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Píjò dúró, ìwọ̀n ọwọ́ kan ló kù kó kàn án.

Mùnírù kò bá a jà.